Ìforígbárí Àtúnṣe nínú Kóòdù Ìtọ́jú Fáìlì: Ohun tí ó Kan Olùkọ́ Yorùbá níbẹ̀

Ojú irin méjì ni ó wọ Ìbàdàn láti Èkó. Èyí àkọ́kọ́ dé Dùgbẹ̀ ní ọdún 1901, ní àkókò ìjọba amúnisìn; mílímítà 1,067 ni àlàfo tí ó wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Èyí èkejì parí sí Mọníyà, ní ibùdókọ̀ tí a fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Mílímítà 1,435 ni àlàfo tirẹ̀. Ọkọ̀ tí a ṣe fún ọ̀kan kò lè gba orí èkejì kọjá. Àwọn tí ó gbé ìwọ̀n ti 1901 kalẹ̀ ní ìdí wọn, àwọn tí ó gbé ti 2021 kalẹ̀ náà ní ìdí tiwọn, ọgọ́fà ọdún sì ni ó wà láàárín wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí ọkọ̀ kan ṣoṣo máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ó ní láti kọ́kọ́ mọ ìdí tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan fi rí bẹ́ẹ̀, kí ó tó lè sọ èyí tí yóò dúró àti èyí tí a óò tú.

Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń kọ kóòdù Linux ń ṣe lemọ́lemọ́, ní pàtàkì àwọn tí iṣẹ́ wọn wà ní apá ìtọ́jú fáìlì. Kernel ni orúkọ tí wọ́n ń pe àárín gbùngbùn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà; òun ni ó dúró láàárín ẹ̀rọ àti gbogbo ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀rọ ṣe. Apá ìtọ́jú fáìlì nínú kernel ni ó mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ ẹni wà lórí dísìkì, tí ó sì mọ bí yóò ṣe gbé e jáde padà láìsí àbùkù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun nìkan ni èyí. Kernel Linux ni ó wà ní ìdí gbogbo fóònù Android, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì ń tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sórí irú fóònù bẹ́ẹ̀ kò kéré. Bí àṣìṣe bá wà nínú kóòdù eré ìdárayá, eré náà yóò dáwọ́ dúró, ọmọdé yóò sì sunkún díẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà nínú kóòdù ìtọ́jú fáìlì, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi odidi ọdún kan ṣe lè di ohun tí kò ṣeé kà mọ́, ẹni tí ó ni ín sì lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń gbà yanjú àtúnṣe tí ó forí gbárí yẹ ní ohun tí ó ń dé inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. Ìdí ni pé iṣẹ́ àkọsílẹ̀ àjọṣe ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ lásán. Àkọsílẹ̀ àjọṣe sì ni ìwé atúmọ̀ èdè, ìwé ìléwọ́ ẹ̀kọ́ àti àkójọ ọ̀rọ̀ ìperí tí ẹ̀ka èdè Yorùbá ń ṣe.

Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ Linux. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi kọjá ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe. Láti 2002 títí di 2005, ètò kan tí ń jẹ́ BitKeeper ni wọ́n fi ń pa iṣẹ́ gbogbo ènìyàn pọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí ó ni ín fi òpin sí lílò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún wọn ní 2005, Torvalds fúnra rẹ̀ kọ ètò mìíràn tí ó pè ní git, èyí tí àwọn tí ń kọ kóòdù káàkiri àgbáyé ń lò títí di òní. Lábẹ́ git, olúkúlùkù ní odidi ẹ̀dà iṣẹ́ náà lọ́wọ́, á ṣe àtúnṣe sí tirẹ̀ lórí ẹ̀ka tirẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí alámòójútó apá tí ó kàn. Alámòójútó á pa ti àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀, á sì fi ránṣẹ́ sókè títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Torvalds. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni ẹ̀dà tuntun máa ń jáde; ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nìkan ni ilẹ̀kùn máa ń ṣí sílẹ̀ fún ohun tuntun, ìyókù jẹ́ fún àtúnṣe àṣìṣe. Ó yé ẹni, nígbà náà, pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni orí pọ̀ jù tí ń gbá orí.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ olùkọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ká mú un pé akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ méjì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Mọníyà fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n sì jọ ń kọ ìtàn kékeré kan tí wọn yóò fi kọ́ àwọn ọmọ ní àkàyé. Gbólóhùn kan nínú ìtàn náà kà báyìí: *Bàbá ra ewúrẹ́ méjì lọ́jà Akínyẹlé.* Ẹni kìn-ín-ní mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé, ó sì yí i padà sí: *Bàbá ra ewúrẹ́ mẹ́ta lọ́jà Akínyẹlé.* Ẹnì kejì náà mú tirẹ̀ lọ, ó yí i sí: *Bàbá ra àgbò méjì lọ́jà Akínyẹlé.* Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa iṣẹ́ wọn pọ̀, git kò ní bu ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò sì kọ gbólóhùn méjèèjì sílẹ̀ ní ìtẹ̀léra, ọ̀wọ́ àmì méje tí ó kọjú sí òsì ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ́ àmì ìdọ́gba méje láàárín, ọ̀wọ́ àmì méje tí ó kọjú sí ọ̀tún ní ìparí. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé: ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ kan ìlà kan náà, èmi kò mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ wá sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni ẹ̀rù máa ń bà nígbà tí ó bá rí àmì wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n mú ti ara wọn, kí wọ́n pa ti ẹnì kejì rẹ́. Èyí kò tọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó gba ti àwọn méjèèjì rò lè wà níbẹ̀: *Bàbá ra àgbò mẹ́ta lọ́jà Akínyẹlé.* Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: ta ni ó sọ pé gbólóhùn yìí tọ́? Bí ẹnì kejì bá fi àgbò rọ́pò ewúrẹ́ nítorí pé ìtàn náà jẹ mọ́ ọdún iléyá, kò sí ìṣòro. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti tún ìpínrọ̀ kẹta ṣe pẹ̀lú, tí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n so àgbò kan mọ́ igi ọsàn, wọ́n so èkejì mọ́ igi máńgòrò, àgbò kẹta yóò wá di ẹran tí kò ní èèkàn. Ọmọ tí ó bá gbọ́n nínú kíláàsì yóò béèrè ibi tí ó wà. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè yanjú ìforígbárí gbólóhùn kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ó ka gbogbo ìtàn, kí ó sì mọ ìdí tí olúkúlùkù fi ṣe ohun tí ó ṣe.

Ní ibí yìí ni ẹ̀dà ìpìlẹ̀ ti wúlò. Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tí ó gbọ́ ti ẹni méjì nìkan pàápàá kò tíì gbọ́ tán. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ó ń jẹ́jọ́: ti ẹni kìn-ín-ní, ti ẹnì kejì, àti èyí tí ó wà kí àwọn méjèèjì tó fọwọ́ kàn án. Bí a kò bá mọ̀ pé *ewúrẹ́ méjì* ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kò lè mọ̀ pé ẹni kìn-ín-ní kò ní èrò kankan lórí irú ẹran. Iye nìkan ni ó yí padà. Git ń lo ẹ̀dà ìpìlẹ̀ yìí nígbà tí ó bá ń pa nǹkan pọ̀, ṣùgbọ́n bí ìforígbárí bá ṣẹlẹ̀, kì í fi í han ènìyàn àyàfi bí a bá pàṣẹ fún un. Àbùkù ni èyí jẹ́ lójú ẹni tí ó bá ń ronú nípa ìkọ́ni, nítorí pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò jù ni a fi pa mọ́ fún un.

Lórí ọ̀rọ̀ ìperí, ó dára láti sọ ọ́ báyìí pé *ìforígbárí* ni ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. *Ìjà* le jù, nítorí pé kò sí ọ̀tá níbẹ̀. *Ìkọlù* sì ń sọ pé ẹnì kan ni ó kọ lu ẹnì kejì. Ẹni méjì tí ń bọ̀ láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n forí gbárí ní ẹnu ọ̀nà kò bá ara wọn jà. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ gbà.

Ìforígbárí tí git kígbe rẹ̀ kọ́ ni ó burú jù. Èyí tí kò kígbe rẹ̀ ni. Nínú ìtàn wa yìí, ká ní ẹni kìn-ín-ní yí orúkọ bàbá náà padà láti Àdìó sí Àkànní ní gbogbo ibi tí ó ti fara hàn. Ní àkókò kan náà, ẹnì kejì fi gbólóhùn tuntun kan kún ìparí ìtàn: *Àdìó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.* Kò sí ìlà tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ kàn. Git yóò pa wọ́n pọ̀ wẹ́rẹ́, yóò sì sọ pé kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí ti yọ sí ìparí ìtàn, ó ń dúpẹ́ ohun tí kò kàn án.

Apá ìtọ́jú fáìlì ni irú èyí ti wọ́pọ̀ nínú kernel, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Oríṣi ètò ìtọ́jú fáìlì pọ̀ nínú Linux: ext4 wà, XFS wà, Btrfs wà, àti ọ̀pọ̀ mìíràn, alámòójútó kálukú sì yàtọ̀. Gbogbo wọn jókòó sábẹ́ ìpele àjùmọ̀lò kan tí ń jẹ́ VFS. Bí àwọn tí ń tọ́jú VFS bá yí ohun kan padà, ó di dandan kí ó kan gbogbo àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí a bá pààrọ̀ àkọtọ́ tí gbogbo ìwé kíkà sì ní láti tẹ̀ lé e.

Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023. Kernel máa ń kọ àkókò mẹ́ta sílẹ̀ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan: ìgbà tí a kà á kẹ́yìn, ìgbà tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yí padà kẹ́yìn, àti ìgbà tí ohunkóhun nípa fáìlì náà fúnra rẹ̀ yí padà kẹ́yìn. Láti ọjọ́ pípẹ́, ètò ìtọ́jú fáìlì kọ̀ọ̀kan máa ń tọwọ́ bọ inú àkọsílẹ̀ yìí fúnra rẹ̀. Jeff Layton wá ṣe iṣẹ́ kan kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́, kí gbogbo wọn máa gba ẹnu ọ̀nà kan náà. Ọ̀kan nínú àkókò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kọ́kọ́ ṣe ní ẹ̀dà 6.6; méjì yòókù wọlé ní ẹ̀dà 6.7, èyí tí ó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Nínú ẹ̀dà 6.7 yìí kan náà ni bcachefs, ètò ìtọ́jú fáìlì tuntun tí Kent Overstreet ti ń kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìta, wọ inú kernel fún ìgbà àkọ́kọ́. Fáìlì tuntun ni gbogbo fáìlì bcachefs. Kò sí ìlà kan nínú wọn tí ẹlòmíràn tún lè ti fọwọ́ kàn nínú kernel. Ní ojú git, kò sí ìforígbárí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹnu ọ̀nà tí ètò tuntun náà ti mọ́ra láti máa gbà ni wọ́n ń dí lọ́wọ́.

Ohun tí ó dára jù nínú iṣẹ́ Layton ni pé kò fi orúkọ àyè àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ó yí orúkọ rẹ̀ padà pátápátá. Nípa bẹ́ẹ̀, kóòdù èyíkéyìí tí ó bá ṣì ń pe orúkọ àtijọ́ kò ní ṣeé kọ́ pọ̀ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò. Ẹ̀rọ yóò kígbe kí ìpalára tó ṣẹlẹ̀. Ó sọ ìforígbárí ìdákẹ́jẹ́ di ìforígbárí aláriwo. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí nínú iṣẹ́ àkọsílẹ̀ àjọṣe: ẹni tí ó bá mọ̀ pé ohun tí òun yí padà yóò kan àwọn tí òun kò rí, kí ó ṣe é lọ́nà tí wọn yóò fi tètè mọ̀.

Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń lo ọ̀nà mìíràn láti tètè mọ̀. Stephen Rothwell ní Australia ni ó dá a sílẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bójú tó o. Linux-next ni wọ́n ń pè é. Ní ojoojúmọ́ iṣẹ́ ni a máa ń kó ẹ̀ka gbogbo alámòójútó, tí iye wọn wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, pọ̀ sójú kan láti wò bóyá wọn yóò gba ara wọn. Bí méjì bá forí gbárí, lẹ́tà yóò lọ sọ́dọ̀ alámòójútó méjèèjì ní ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé a fẹ́ lo ohun tí ó bá jáde níbẹ̀; ìpàdé ìdánwò ni, kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Ó ṣeni láàánú pé ẹ̀ka tí ó ń ṣe ìwé àjọṣe nílẹ̀ wa máa ń dúró di ìgbà tí ìwé bá fẹ́ wọ ilé ìtẹ̀wé kí àwọn òǹkọ̀wé tó rí orí ìwé ara wọn.

Torvalds fúnra rẹ̀ ní ìwà kan tí ó lè ya ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu. Àwọn ìlànà tí ó wà nínú ìwé kernel gan-an kìlọ̀ fún alámòójútó pé kí ó má ṣe sáré yanjú gbogbo ìforígbárí kí ó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sókè. Kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ó dán ìpapọ̀ náà wò fúnra rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí ó rí nínú lẹ́tà rẹ̀. Torvalds fẹ́ fúnra rẹ̀ rí ibi tí orí ti ń gbá orí, nítorí pé ibẹ̀ ni yóò ti mọ apá iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn méjì ń tọ́jú láìmọ̀ nípa ara wọn. Ẹni tí ó bá bo ìforígbárí mọ́lẹ̀ kí ọ̀gá má baà rí i ti gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí ètò ìtọ́jú fáìlì ntfs3 láti ilé iṣẹ́ Paragon fẹ́ wọlé fún ẹ̀dà 5.15, Torvalds gbà á wọlé, ṣùgbọ́n ó fi ohùn líle sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó bá nínú rẹ̀. Wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì kan lórí GitHub láti fi pa ẹ̀ka méjì pọ̀, bọ́tìnnì náà sì kọ ọ̀rọ̀ àfijúwe tí kò sọ ohunkóhun nípa ìdí tí a fi ṣe ìpapọ̀ náà. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Kò kéré rárá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, bí àṣìṣe bá yọjú, ọ̀rọ̀ àfijúwe yẹn nìkan ni yóò ṣẹ́kù láti sọ fún ẹni tí ó ń wádìí pé ìdí báyìí ni wọ́n fi yan èyí tí wọ́n yàn.

Ìforígbárí kan wà tí kò sí ìlànà àkọsílẹ̀ tí ó lè yanjú rẹ̀, ìyẹn ti ènìyàn sí ènìyàn. Bcachefs tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò pẹ́ nínú kernel. Overstreet àti Torvalds kò gbọ́ra yé lórí ohun tí ó yẹ kí ó wọlé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ọ̀sẹ̀ méjì bá ti tì; Overstreet sọ pé ààbò fáìlì àwọn tí ń lo ètò òun ni ó jẹ òun lógún, Torvalds sọ pé ìlànà ni ìlànà. Nígbà tí ẹ̀dà 6.18 jáde ní ìparí ọdún 2025, kóòdù bcachefs kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn méjèèjì ni ó ní ẹjọ́ tí ó ṣeé gbọ́.

Olùkọ́ Yorùbá lè béèrè pé kí ni gbogbo èyí kan òun, nígbà tí ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà. Ní ìhà Mọníyà náà ni IITA wà, tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Àwọn onímọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ ń lo Cassavabase, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí git, àwọn tí ń kọ ọ́ sì pọ̀ jù lọ ní Ithaca ní Amẹ́ríkà. Ìdáhùn kejì ṣe pàtàkì jù ú lọ. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti la irú ìpapọ̀ yìí kọjá, ìdí tí a fi ṣe ìpinnu tí a ṣe sì ń parẹ́ lọ́kàn àwọn tí ń kọ́ni.

Ìpàdé àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní ọdún 1875. Ohun tí ó jáde níbẹ̀ ni àwọn ìwé ìjọ àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé jáde lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1966, ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1969, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Bí *aiye* ṣe di *ayé*, tí *enia* di *ènìyàn*, tí *ẹiyẹ* di *ẹyẹ* nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ òde òní mọ òfin náà dáadáa, yóò sì fa ìlà pupa sábẹ́ *aiye*. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá béèrè ìdí tí fáwẹ̀lì *i* fi kúrò láàárín, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí a máa kọ ọ́. Ìpapọ̀ tí ọ̀rọ̀ àfijúwe rẹ̀ ti sọnù ni. Ní ìhà kejì ẹnubodè, ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀ka mìíràn ń lọ lọ́tọ̀: *ɛ* àti *ɔ* ni wọ́n ń lò níbi tí ti Nàìjíríà ń lo *ẹ* àti *ọ*, wọ́n sì ń lo *sh* níbi tí ó ti ń lo *ṣ*. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ìwé kíkà ìhà méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan yóò nílò láti mọ ẹ̀dà ìpìlẹ̀ ju bí yóò ṣe nílò ẹ̀rọ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó kan Yorùbá ju ọ̀pọ̀ èdè mìíràn lọ, òun sì ni ìforígbárí èké. Git àti ext4 kò mọ lẹ́tà. Báìtì ni wọ́n mọ̀. Lẹ́tà *ẹ̀* lè wọ inú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà mélòó kan. Ẹnì kan lè tẹ *ẹ* tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ *e* tí ó ti ní àmì ohùn, kí ó fi ẹ̀ẹ̀kán tí ó wà lábẹ́ kún un. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Báìtì wọn kò dọ́gba. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá fi orúkọ kan náà pe fáìlì ní ọ̀nà méjì yìí, fáìlì méjì ni ext4 yóò tọ́jú. Bí wọ́n bá jọ ń tún àkọsílẹ̀ kan ṣe, tí kíbọ́ọ̀dù ọ̀kan sì tún gbogbo lẹ́tà kọ sí ọ̀nà tirẹ̀, gbogbo ìlà ni git yóò sọ pé ó yí padà, àtúnṣe gidi mẹ́ta tí ó wà níbẹ̀ yóò sì sọnù sáàárín ọgọ́rùn-ún àtúnṣe èké.

Láti ẹ̀dà 5.2 tí ó jáde ní 2019 ni iṣẹ́ Gabriel Krisman Bertazi ti jẹ́ kí ext4 lè ka irú ọ̀nà méjì bẹ́ẹ̀ sí ọ̀kan nínú àpò fáìlì tí a bá dìídì pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ. Àwọn mìíràn kì í fi ẹ̀ẹ̀kán tó rí roboto sábẹ́ *ẹ*. Ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń fi síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn. Lójú òǹkàwé Yorùbá, lẹ́tà kan náà ni. Lójú ìlànà Unicode, àmì méjì tí kò tan mọ́ra ni wọ́n, kò sì sí ètò ìtọ́jú fáìlì tí yóò kà wọ́n sí ọ̀kan, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọ̀kan ni wọ́n. Àwọn tí ó mọ̀ ni àwọn olùkọ́ Yorùbá.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka ṣe kò gba owó púpọ̀, kò sì dìgbà tí a bá ra kọ̀ǹpútà tuntun. Nínú iṣẹ́ àkànṣe àjọṣe, kí a béèrè gbólóhùn kan péré lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún àtúnṣe kọ̀ọ̀kan: kí ni ìdí tí o fi yí i padà? Kí a sì fún un ní máàkì lórí gbólóhùn náà. Kí ẹ̀dà ìpìlẹ̀ máa wà nínú fáìlì iṣẹ́ náà títí di ọjọ́ ìgbéléwọ̀n. Kí àwọn tí ó jọ ń kọ ìwé máa pa orí ìwé wọn pọ̀ lóṣooṣù, bí kò tilẹ̀ tíì dán. A lè gbọ́ pé ìlànà ẹ̀kọ́ ti kún ju bí ó ṣe yẹ lọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àròkọ àti àtúnṣe àròkọ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni èyí yóò ti rí àyè.

Nínú gbogbo rẹ̀, ìpinnu lórí àmì ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. *Ẹ* alámì roboto ni ó dára jù láti yàn, nítorí pé òun ni Unicode fún ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí odidi lẹ́tà, kí a sì fi àmì ohùn lé e lẹ́yìn náà. Kí a kọ ìpinnu yìí sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìlànà ìkọ̀wé tí ẹ̀ka ń fún akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé orúkọ fáìlì lórí ext4 kò gbọdọ̀ ju báìtì 255 lọ, àti pé *ẹ̀* kan ṣoṣo ń gba báìtì márùn-ún nígbà tí *e* ń gba ẹyọ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ fi odidi àkọlé àpilẹ̀kọ rẹ̀ sọ fáìlì lórúkọ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn yóò tètè rí ibi tí ààyè rẹ̀ parí sí.